Igun Tí A Ò Gbọdọ̀ Gbin Nǹkan Sí

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé arúgbó oníjà kan ló ń da ẹnu sílẹ̀. Inú ń bí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara mi ni mò ń bínú sí.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú ọgbà ayàwòrán yẹn. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Àwọn àwòrán tó yà nínú ọgbà náà wà lára ògiri ní àwọn ilé ńlá tí èmi ò ní dé láéláé, wọ́n sì wà lára ife tíì àti àpò ìrajà pẹ̀lú. Ilẹ̀ tí ẹ̀ ń rí nínú àwòrán wọ̀nyẹn, èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo bomi rin ín. Kò yà mí sínú ẹyọ kan nínú wọn, kò sì dùn mí. Tí mo bá ti rí i tó ń gbé pátákó ẹ̀ bọ̀, mo máa ń yà kúrò lọ́nà ni.

Ọ̀gá ni mo máa ń pè é, Ológbà lòun náà máa ń pè mí. Bí a ṣe wà nìyẹn títí tó fi kú. Lẹ́yìn ikú ẹ̀, ìgbìmọ̀ kan gba ilé àti ọgbà náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ di ibi tí àwọn èèyàn á máa wá wò. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ tuntun dé. Wọ́n fún mi ní ìwé ìdúpẹ́ tí wọ́n fi férémù sí, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Mo lọ sinmi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sinmi báyìí, ó sì ti rẹ̀ mí ju iṣẹ́ lọ.

Ìyàwó mi ló jẹ́ kí ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ ṣeé fara dà. Òun ló ń se oúnjẹ fún Ọ̀gá ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ọgbà, nítorí náà tí a bá ti jókòó, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ náà la máa ń sọ. Ó ti di ọdún mẹ́rin tó ti kú. Ọmọ mi obìnrin wá kó mi lọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀, nínú ilé alájà mẹ́fà kan tí kò ní ilẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́. Àjà karùn-ún là ń gbé. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago méje àárọ̀, òun àti ọkọ ẹ̀ á ti jáde lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ á ti lọ sílé ìwé, ilé á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo máa ń kí obìnrin tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó máa ní, "Ẹ káàárọ̀," èmi náà á ní, "Káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lo jí?" Ọmọ-ọmọ mi gbọ́ mi lọ́jọ́ kan tí ara ẹ̀ ò yá tí kò lè lọ sílé ìwé, ó lọ sọ fún ìyá ẹ̀, ni ìyá ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni ń wo ògiri tó ti sán.

Mo gbọ́ tó ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú yàrá. "Kò sí nǹkan tó ń ṣe Bàbá o," ó ní. "Wọn ò kàn ní nǹkan tí wọ́n ń ṣe ni." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ká ní ó pariwo ni, ì bá má ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí fóònù tèmi dún, tí obìnrin kan ní òun lòun ń bójú tó ọgbà Ọ̀gá báyìí, ńṣe ni mo dìde dúró bí ẹni pé ó ń rí mi. Ó ní àwọn ti fi ọdún mẹ́ta tún ọgbà náà ṣe, àwọn ti gbin gbogbo ẹ̀ padà bó ṣe wà nígbà ayé Ọ̀gá, òdòdó sì ti yọ káàkiri. Wọ́n fẹ́ kí n wá rìn ín wò, kí n sọ bóyá bó ṣe rí nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ti ní àfi kí ẹnì kan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an jẹ́rìí sí i, kó sì fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n tó ṣí i.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ kù, Bàbá," ó ní.

Ó wá fi kún un, bíi nǹkan tí kò tó nǹkan, pé òun ń wá ẹni tó mọ ilẹ̀ náà, tí á máa wá bá àwọn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní a ó jọ sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn lẹ́yìn tí mo bá ti rìn yí ọgbà ká.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo lọ́sẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó. Ká ní wọ́n ní kí n kàn wá máa gbá ewé jọ, mo gbà. Ká ní wọ́n ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n máa kí àwọn tó ń wọlé, mo gbà. Mo fẹ́ kí erùpẹ̀ wà lábẹ́ èékánná mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀. Nígbà tí ọmọ mi dé ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó so mọ́ mi lọ́rùn, mo sì rí i bí ara ẹ̀ ṣe fúyẹ́. Òun náà ti ń rù mí láìsọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Lọ́jọ́ tí mo lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fá irùngbọ̀n mi. Mo wọ bàtà tí ìyàwó mi rà fún mi, èyí tó máa ń gé mi lẹ́sẹ̀, torí òun nìkan ló ṣì ń dán. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀. Wọ́n ti kọ́ yàrá onígíláàsì kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin kan wà nínú ẹ̀, ó ní tí mi ò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì kí n padà wá nígbà tí wọ́n bá ṣí i.

"Ọmọ mi," mo ní, "ṣé o rí òpó tí wọ́n so ilẹ̀kùn yẹn mọ́? Èmi ni mo rì í mọ́lẹ̀. Wọn ò tíì bí ẹ nígbà yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ìyá ẹ gan-an má tíì lọ́kọ."

Obìnrin tó pè mí lórí fóònù ló wá gbà á sílẹ̀. Màdáámù ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀, èmi náà á máa pè é bẹ́ẹ̀. Èèyàn kúkúrú ni, bí ọjọ́ orí ọmọ mi náà ni tiẹ̀ á ṣe rí. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni ẹsẹ̀ ẹ̀: bàtà rọ́bà ló wọ̀, ẹrẹ̀ sì wà lára ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn ẹ̀ tí kọ́là fún un lọ́rùn, ó há fáìlì sábíyá, bàtà tiẹ̀ ń dán débi pé ó ń yẹra fún koríko. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ nìyẹn. Ó wo aago ọwọ́ ẹ̀ kó tó kí mi, ó tún wò ó nígbà tó kí mi tán.

A wọlé. Òdòdó ti yọ níbi gbogbo tí ojú mi dé. Róòsì ti bo férémù onígi tó wà lójú ọ̀nà mọ́lẹ̀, ó funfun báláú. Àwọn tó pupa fòò tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè ń yọrí láàárín òkúta. Oyin ń kùn. Òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin gba imú mi, omi sì lé sí mi lójú. Mo ṣe bí ẹni pé oòrùn ló ń wọ̀ mí lójú. Ṣé ẹ mọ èyí tó burú níbẹ̀? Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi kí n sọ fún ìyàwó mi pé, "Wo róòsì tó o ní kò ní yè." Mo ti la ẹnu kí n tó rántí. Akọ̀wé ló wà níbẹ̀, ó ń wo aago.

Ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi, mo rí òkúta funfun ńlá kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tèmi. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé dúró, ó ṣí fáìlì, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fún ojú pọ̀ bí ẹni tó gbé oògùn kíkorò mì. Nígbà tó yá, mo tún ní ọ̀nà yìí ti fẹ̀ jù, pé báárò kan péré ló ń gba ibẹ̀ kọjá, èmi ni mo sì ń tì í. Ó tún kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá fa Màdáámù sẹ́yìn díẹ̀. Ó rò pé etí mi ti di. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, etí mi pé.

"Tó bá ń bá a lọ báyìí," ó ní, "a ò ní lè ṣí i lóṣù yìí. Tí a ò bá sì ṣí i, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ pé à ń gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ lọ́dún yìí."

Mi ò gbọ́ èsì tí Màdáámù fún un. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mi ni mò ń rò. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo nǹkan tí wọ́n fi hàn mí ló dára. Òdòdó tó wà níbi tí kò yẹ kó wà, ó dára. Ìjókòó onígi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ tí Ọ̀gá ò lè rí kó má bú èèyàn, ó dára. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kiri bí ọkọ ìyàwó.

A wá dé igun tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ògiri méjì ti pàdé lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná. Igun yẹn ló gbajúmọ̀ jù. Ọ̀gá yà á ju ogójì ìgbà lọ, òun náà ni wọ́n tẹ̀ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Nínú gbogbo àwòrán yẹn, òdòdó aláwọ̀ aró ló kún ibẹ̀, wọ́n pọ̀ débi pé èèyàn ò ní rí ilẹ̀. Wọ́n ti gbìn wọ́n. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti lọ wá wọn, wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀ torí wọn, wọ́n sì yọ bí àwòrán ṣe wí gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ rẹwà débi pé akọ̀wé pàápàá gbàgbé aago.

Kò sí òdòdó kankan níbẹ̀ rí.

Ilẹ̀ lásán ni. Ibẹ̀ ni ìyàwó Ọ̀gá máa ń gbé àga ẹ̀ sí tí oòrùn bá ti rọ̀. Á máa fi ohùn òkè ka lẹ́tà tó bá wọlé bí Ọ̀gá ṣe ń ṣiṣẹ́, á máa sín àwọn tó kọ ọ́ jẹ, Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín títí ọwọ́ ẹ̀ á fi gbọ̀n. Ẹsẹ̀ àga yẹn àti ẹsẹ̀ òun fúnra ẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ débi pé koríko ò hù dáadáa níbẹ̀ mọ́. Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì ló pa á. Wọ́n gbé àga wọlé. Èmi tí mi ò fẹ́ràn kí ilẹ̀ máa ṣòfò, mo mú ọkọ́, mo lọ síbẹ̀ láti kọ ọ́, kí n gbin nǹkan sí i. Mo rò pé mò ń ṣe Ọ̀gá lóore. Ó jáde wá tòun ti ẹ̀wù tó kún fún ọ̀dà, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Kò bínú. Ó ní, "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Ológbà."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya igun náà. Aláwọ̀ aró ló fi ń kún un, torí àwọ̀ aṣọ tí obìnrin náà fẹ́ràn jù nìyẹn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé kí n kúkú wá òdòdó aláwọ̀ aró gbìn fún un ni. Ó ní, "Mo lè parọ́ nínú àwòrán, Ológbà. Mi ò fẹ́ parọ́ nínú ilẹ̀." Ọdún mọ́kànlá ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ló máa ń tu koríko ibẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí Ọ̀gá ò lè dìde lórí ibùsùn mọ́, ó ní kí n ṣèlérí fún òun pé tí mo bá ṣì wà láyé, ẹnikẹ́ni ò ní gbin nǹkan kan síbẹ̀. Mo ṣèlérí. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ọ̀gá ti lọ, ìyàwó mi ti lọ, kò sí ẹlòmíì tó mọ̀. Mo dúró níwájú òdòdó yẹn.

"Ẹ wò ó dáadáa, Bàbá," Màdáámù ní. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ó ń wò mí lójú kòró. "Ẹ má kánjú. Igun yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tí ẹ bá sọ ni wọ́n máa tẹ̀ lé."

Mo rí ojú tó fi ń wò mí. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ẹ̀bẹ̀ nìyí. Obìnrin yìí ń bẹ̀ mí pé kí n má ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Mo wo akọ̀wé, bírò ẹ̀ ti wà lórí ìwé. Mo rántí àjà karùn-ún. Mo rántí aago méje àárọ̀.

"Bó ṣe rí gan-an nìyí," mo ní.

"Ó dá yín lójú?"

"Ṣé èmi tí mo bomi rin wọ́n ni mi ò ní mọ̀ wọ́n?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tẹ́ ìwé sórí ìjókòó onígi fún mi, mo sì fọwọ́ sí i. Màdáámù bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ewé gbígbẹ kan nílẹ̀, ó pẹ́ kó tó dìde. Mo rò pé ayọ̀ ló gbà á lọ́rọ̀ sọ. Kí n tó kúrò, ó ní kí n máa bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní aago mẹ́jọ.

Nílé, inú gbogbo èèyàn dùn. Ọkọ ọmọ mi ra ìbọ̀wọ́ tuntun fún mi. Ọmọ-ọmọ mi ní ṣé wọ́n á máa fún mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Ojú ń tì mí. Mo ń sọ fún ara mi pé ta ló máa mọ̀. Èsì ẹ̀ gan-an ló wá ń pa mí lára: kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí gbogbo ẹni tó lè bi mí léèrè ló ti kú. Ká ní ìyàwó mi wà níbẹ̀ ni, ì bá ti bá mi wí kí n tó bọ́ bàtà. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi wí.

Wọ́n ṣí ọgbà náà ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí mo débẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ mi jáde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà. Ẹni kan ṣoṣo tó kù jẹ́rìí sí i, ibẹ̀ kà bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin inú gíláàsì dìde kí mi lọ́tẹ̀ yìí.

Màdáámù ń dúró dè mí nínú yàrá irinṣẹ́. Ó fi ibi tí mo lè gbé ẹ̀wù mi kọ́ hàn mí, ó fún mi ní ọkọ́ kékeré àti agé ìbomirin. Ó wá ní, "Bàbá, mo ní nǹkan yín kan lọ́wọ́." Ó mú àpòòwé kan jáde lápò, ó fa fótò kékeré kan tí etí ẹ̀ ti ká yọ nínú ẹ̀.

Ọkùnrin kan dúró pẹ̀lú réèkì lọ́wọ́. Èmi ni, mo ṣì ní irun lórí. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó na ìka sí mi, ó jọ pé ó ń pè mí ní ọ̀lẹ. Róòsì ti yọ bo ògiri lẹ́yìn wa. Láàárín èmi àti fèrèsé, ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, mímọ́ tónítóní.

"Inú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná ni mo ti rí i, ó lé lọ́dún méjì," Màdáámù ní. "Mo gbé e lọ fún ìgbìmọ̀. Mo ní kò jọ pé òdòdó wà ní igun yẹn rí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní fótò kan ò lè borí ogójì àwòrán. Wọ́n ní ká gbìn ín bó ṣe wà nínú àwòrán ná, tí mo bá wá rí ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á ní ká hú u. Ọdún kan gbáko ni mo fi wá yín, Bàbá. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu. Ìdí tí akọ̀wé fi tẹ̀ lé wa nìyẹn."

"Mo rò pé ẹ̀ ń bẹ̀ mí ni," mo ní.

"Mò ń bẹ̀ yín lóòótọ́."

"Iṣẹ́ yìí ńkọ́? Mo gbọ́ tí akọ̀wé ní tí ẹ ò bá ṣí ọgbà, ẹ ò ní gba ẹnikẹ́ni."

"Akọ̀wé ń dẹ́rù bà mí ni. Èmi ni mò ń gba èèyàn síṣẹ́ níbí. Mo ti kọ yín sílẹ̀ kí n tó pè yín lórí fóònù."

Mo wá sọ gbogbo ẹ̀ fún un níbẹ̀: àga, lẹ́tà, ọkọ́ tí Ọ̀gá gbà lọ́wọ́ mi, ìlérí tí mo ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀," ó ní. "Mi ò kàn mọ̀ pé àga ni."

Ó dá fótò padà sínú àpòòwé, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì jáde lọ bá àwọn àlejò tó ń dúró dè é. Kò bú mi. Ọdún kan ló fi wá mi kiri, mo sì parọ́ níwájú ẹ̀, kò bú mi.

Igun yẹn gan-an ni wọ́n ní kí n ti bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń ja àwọn òdòdó tó ti rọ. Èèyàn pọ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n ń ya fótò. Obìnrin kan ní kí n jọ̀ọ́ sún díẹ̀, mò ń dí òun lọ́wọ́. Mo dìde. Mo fi ọkọ́ sílẹ̀, mo sì jáde lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ tó wà ní òpópónà kejì. Mi ò sọ fún Màdáámù. Mo fẹ́ mú ìròyìn ayọ̀ padà wá fún un.

Akọ̀wé gbà mí dáadáa, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó fún mi ní ìjókòó, ó bu omi tútù fún mi. Mo gbé fótò síwájú ẹ̀, mo sọ̀rọ̀ látòkèdélẹ̀. Kò wo aago ọwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀yin lẹ bomi rin wọ́n," ó ní.

"Irọ́ ni mo pa."

"Irọ́ kẹ̀, Bàbá? Kí nìdí?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un. Mo ní mo fẹ́ kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mo ṣe sọ ọ́ síta ni mo rí bó ṣe dún. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo mẹ́nu ba tẹlifíṣọ̀n, mo mẹ́nu ba bàtà rọ́bà, ọ̀rọ̀ ń já lé ara wọn lẹ́nu mi. Ó wo orókún ṣòkòtò mi tó kún fún ẹrẹ̀. Ó ní kí n mu omi mi, ó sì bi mí bóyá ẹnì kan wà nílé. Mo fún un ní nọ́ńbà ọmọ mi. Mo rò pé ó fẹ́ kó wá jẹ́rìí sí ohun tí mo sọ ni.

Ó lọ pè é nínú yàrá kejì. Mo ti sọ fún yín pé etí mi pé.

"Ẹ má fòyà," ó ní. "Wọn ò ṣubú, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n lára. Ọ̀rọ̀ wọn ló kàn ń lọ sókè sódò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá gbogbo ẹ̀ ni wọ́n rántí kedere, lónìí wọn ò rántí mọ́. Bó ṣe máa ń rí ní ọjọ́ orí wọn nìyẹn. Rárá o, ìgbìmọ̀ ò ní lè jẹ́ kí wọ́n máa dá wá síbẹ̀ mọ́. Kí wọ́n sinmi nílé ló dáa."

Ọmọ mi dé láàárín wákàtí kan, káàdì ibi iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó mú mi lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí mo dá gùn wá.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo fi fótò hàn án. "Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn," mo ní. "Òótọ́ ni mo sọ lónìí."

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ó ní. Ó wo fótò náà, ó rí ìyá ẹ̀ lójú fèrèsé, ó sì fi ìka kan ojú ẹ̀ níbẹ̀. Kò wo ilẹ̀. Omi ń dà lójú ẹ̀, ó yíjú sójú fèrèsé kí n má baà rí i. Lẹ́yìn ibùdókọ̀ méjì, ó nu ojú, ó sì sún mọ́ mi.

"Bàbá," ó ní jẹ́jẹ́, "ọjọ́ wo ni òní?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni," mo ní.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó fọwọ́ pa mí léjìká, inú ẹ̀ dùn pé mo rántí.